Lẹ́tà sí Àkànní: Àwọn Tó Kọ́kọ́ Fi Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Jẹun

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ìyàwó wa ń kọ́, àwọn ọmọ ń kọ́? Ṣé òtútù Bronx ti ń dẹwọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ tí Dàmọ́lá sọ. Ó ní 1946 ni iṣẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹgbẹ́ tó fi àmì 34 péré gba ife-ẹ̀yẹ kò lè na ẹgbẹ́ ilé-ìwé òun. Jọ̀ọ́, pè é jókòó, kí ẹ jọ ka èyí. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ òṣùwọ̀n òní ló fi ń wọn ọjà àná.

1946 tó dárúkọ, ọdún tí wọ́n dá líìgì BAA sílẹ̀ ni. Òun àti líìgì mìíràn, NBL, ló para pọ̀ ní 1949 tí wọ́n di NBA, líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ó ti tó àádọ́ta ọdún tí àwọn kan ti ń fi eré yìí gbọ́ bùkátà. Oṣù Kejìlá 1891 ni James Naismith, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, gbé apẹ̀rẹ̀ èso píìṣì méjì kọ́ ní Springfield, Massachusetts. Nígbà tó fi máa di 1896, àwọn ọmọ Trenton ní New Jersey ti ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń pín in láàárín ara wọn. Ní 1898, líìgì tó ń sanwó ti wà láàárín Philadelphia àti Trenton. Ní 1902, Harry “Bucky” Lew, aláwọ̀ dúdú láti Lowell, wọ líìgì New England. Dọ́là 5 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lálẹ́ kan.

Inú àgò ni wọ́n ti ń gbá a, bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tó jáde ló ni ín, nítorí náà àwọn agbábọ́ọ̀lù á rọ́ lu òǹwòran. Wọ́n wá fi wáyà yí gbàgede ká kí bọ́ọ̀lù má baà jáde mọ́. Àwọn èèyàn yé fara pa lórí àga wọn, àwọn agbábọ́ọ̀lù ló wá ń gba ọgbẹ́ náà: ẹni tí wọ́n bá tì mọ́ wáyà á gbé àmì rẹ̀ délé sára. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń di tìmùtìmù mọ́ orúnkún àti ìgúnpá. Àwọn òǹwòran míì tún ń fi abẹ́rẹ́ gún wọn lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn wáyà. Ibẹ̀ ni orúkọ “cager” (“cage” ni àgò lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ń pe agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti wá.

Ní ti owó, alẹ́ kan, owó kan ni. Agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́, irú Nat Holman tàbí Johnny Beckman, lè ní ẹgbẹ́ méjì mẹ́ta nínú líìgì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri New York àti Pennsylvania, ibi tí owó bá ti pọ̀ jù lọ́jọ́ náà ló máa yà sí. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kò wá mọ ẹni tó máa bá lórí pápá. Àwọn márùn-ún tó wọ aṣọ kan náà sì lè má jọ gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ rí, kí wọ́n tó mọwọ́ ara wọn, ilẹ̀ ti ṣú.

Jim Furey tó ni Original Celtics, ẹgbẹ́ New York kan, ló tún èyí ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Ó mú kí àwọn ọmọ rẹ̀ tọwọ́bọ̀wé fún sáà kan gbáko, kí wọ́n má gbá fún ẹlòmíì. Owó wọn dájú, wọ́n sì jọ ń gbé inú iṣẹ́ náà pọ̀. Òun ló jẹ́ kí wọ́n lè hùmọ̀ nǹkan tuntun. Dutch Dehnert á lọ dúró níwájú apẹ̀rẹ̀, á kẹ̀yìn sí i. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sí i, á dá a padà fún ẹni tó ń sáré bọ̀. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá yọjú lápá ọ̀tún láti já a gbà, á yí gba òsì, á sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ Dàmọ́lá nílé-ìwé lónìí nìyẹn. Líìgì ABL tó bẹ̀rẹ̀ ní 1925 sọ irú ìwé àdéhùn yẹn di dandan fún gbogbo ẹgbẹ́. Celtics wọ̀ ọ́ ní 1926, wọ́n gba ife ní 1927 àti 1928.

Ṣùgbọ́n ABL kò gba aláwọ̀ dúdú. Ibí ni ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an wà, Àkànní, nítorí Harlem kò jìnnà sí yín.

Bob Douglas, ọmọ erékùṣù Saint Kitts, lọ bá ẹni tó ni gbọ̀ngàn ijó Renaissance ní Seventh Avenue, lẹ́bàá òpópónà 138. Ó ní kó fún òun láyè láti máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, òun á fi orúkọ gbọ̀ngàn náà pe ẹgbẹ́ òun. Báyìí ni New York Rens ṣe bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1923. Ilẹ̀ ijó tó ń dán tó sì ń yọ̀ ni pápá wọn. Tí eré bá parí, àwọn onílù á bọ́ síbẹ̀, ijó á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù ìgbà náà pàápàá, awọ rírán ni, rọ́bà wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi okùn di ojú ibi tí wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ìgbà tí èèyàn di bàtà. Tó bá fi ojú okùn yẹn balẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa ta sí. Ìdí nìyẹn tí Rens kì í fi í gbá a mọ́lẹ̀ púpọ̀: páàsì ni, kíákíá, láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Nígbà tí kò sí líìgì tó gbà wọ́n, ojú ọ̀nà di ilé wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní sí ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1933, wọ́n borí nínú ìdíje 88 láàárín ọjọ́ 86. Celtics ló dá wọn dúró. Àwọn méje ló ṣe é: Fats Jenkins balógun wọn, Tarzan Cooper, Pappy Ricks, Eyre Saitch, Bill Yancey, Casey Holt àti Willie Smith. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú tí kò ní tà wọ́n lóúnjẹ, tí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ní gbà wọ́n. Nítorí náà Chicago tàbí Indianapolis ni wọ́n máa ń fi ṣe ibùdó. Lẹ́yìn eré wọ́n á tún wọ bọ́ọ̀sì, nígbà míì fún nǹkan bíi máìlì 200, kí wọ́n tó rí ibùsùn. Eric Illidge ló ń bójú tó owó: ẹ̀rọ ìkànyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ka òǹwòran bí wọ́n ṣe ń wọlé, ìbọn wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ Rens kì í sì í kan pápá kí owó tó pé.

Wàyí o, àmì 34 tí Dàmọ́lá ń sọ. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1939 ni, ní Chicago, nínú ìdíje àgbáyé àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó: Rens 34, Oshkosh All-Stars 25. Títí di 1937, bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ apẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sí i ni gbogbo wọn á padà sáàárín pápá kí àwọn méjì tó fò fún un. Ìyẹn ti kúrò ní 1939, ṣùgbọ́n aago ìṣẹ́jú-àáyá 24, tó ń fipá mú ẹgbẹ́ láti tètè ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀, kò tíì dé, àfi 1954. Ẹgbẹ́ tó bá ti ṣíwájú lè di bọ́ọ̀lù mú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí ó lọ wo NBA fúnra rẹ̀, ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 1950: Fort Wayne 19, Lakers 18, George Mikan, ìràwọ̀ Lakers, sì wà lórí pápá.

Wọ́n ta àwọn Rens lọ́rẹ jákẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n kọ “Colored World Champions” (aláwọ̀ dúdú tó gba ife àgbáyé) sí i lẹ́yìn. John Isaacs gba abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tú òwú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dànù, ó fi méjì tó kù sílẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 1948, wọ́n di Dayton Rens nínú NBL, Pop Gates ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí líìgì méjèèjì para pọ̀, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí Earl Lloyd àti àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ yòókù wọ NBA ní 1950, Gates ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ìyẹn ń dùn mí.

Ọwọ́ wọn kò dilẹ̀ náà. Yancey àti Jenkins ń gbá baseball nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Saitch jẹ́ ọ̀gá nínú tẹ́níìsì. Isaacs wà pẹ̀lú àwọn ọmọdé ní Bronx yín níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2009. Ṣé Dàmọ́lá ti wo ìjà Ali àti Foreman ní Kinshasa, 1974? Rẹfirí tó ń kà lé Foreman lórí yẹn, Zack Clayton ni, ọ̀kan nínú àwọn Rens 1939.

Wọ́n ti wó gbọ̀ngàn Renaissance ní 2015, má wulẹ̀ mú un lọ síbẹ̀. Springfield ni kí ẹ lọ nígbà ọlidé, níbi tí Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, wà. Rens wà lára ògiri ibẹ̀ láti 1963, Douglas 1972, Cooper 1977, Gates 1989, Isaacs 2015. Kí ó wá orúkọ Jenkins pẹ̀lú. 2021 ni wọ́n tó rántí balógun.

Bá mi kí ìyàwó wa gidigidi. Sọ ohun tí ọmọ náà bá wí fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Adéwálé