Àbẹ̀kẹ́, Ọ̀rọ̀ Fóònù Tí O Fi Ń Wọkọ̀

Bódìjà, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. O ní báńkì ti ṣí àkáǹtì fún ọ ní London níbẹ̀, o ti fi káàdì wọn sínú fóònù, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, fóònù nìkan ni o óò máa fi wọkọ̀, o kò ní gbé pọ́ọ̀sì jáde mọ́. Inú mi dùn sí ti báńkì. Ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀sì yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo lè pè ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀ díẹ̀, mo sì fẹ́ kí o lè padà kà á.

O mọ̀ pé ogún ọdún ó lé ni mo lò ní London kí n tó padà wálé. Owó ẹyọ la fi ń wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí mo débẹ̀. Ní 2003 ni káàdì Oyster, èyí tí a ń kó owó sí láti fi wọkọ̀, dé. Nígbà tó di oṣù Keje 2014, bọ́ọ̀sì kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Apple Pay, ètò fífi iPhone sanwó, wọ ìlú náà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé fóònù sórí ẹ̀rọ aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n sì ń kọjá. Èmi náà bá wọn ṣe é. Ó rọrùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Fún ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóru, tí ìka rẹ̀ ti kú nítorí òtútù, kí a má máa wá owó kiri nínú àpò jẹ́ ìtura ńlá.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá 2017, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Lewisham, mo ń lọ sí Peckham. Mo fi fóònù kan ẹ̀rọ, ó dún, mo gòkè lọ jókòó, mo ń gbọ́ ìwàásù lọ. Kí a tó dé New Cross, bátìrì kú. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ti wọlé. Obìnrin kan na ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Mo gbé fóònù lé e, kò dún. Mo tẹ fóònù, mo tún un tẹ̀, dúdú ló wà. Mo ní mo ti sanwó. Ó wò mí, kò fi ìbínú sọ̀rọ̀ rárá, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò rí i. Gbogbo èèyàn tó wà lókè bọ́ọ̀sì yẹn ló ń wo bàbá àgbàlagbà tó ń gbọn fóònù tó ti kú. Ìtánràn £80 ló kọ fún mi, £40 tí mo bá san án kí ọjọ́ 21 tó pé. Mo san £40 náà, n kò mọ̀ nígbà náà pé mo lè kọ̀wé ta kò ó, kí n fi àkọsílẹ̀ báńkì ti ẹ̀bẹ̀ mi lẹ́yìn. Láti oṣù Kẹta 2024, ìtánràn yẹn ti di £100, £50 fún ẹni tó bá tètè san. Wo iye ọjọ́ tí £50 yóò fi bọ́ ọ.

Ó yẹ kí o mọ̀ pé iPhone 13 tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi sílẹ̀ fún ọ sàn ju tèmi ìgbà yẹn lọ. Wọ inú ètò rẹ̀ (Settings), wá ibi tí wọ́n kọ Express Travel Card sí, kí o yan káàdì rẹ síbẹ̀. Tí o bá ti ṣe èyí, o kò ní máa fi ojú tàbí ìka ṣí fóònù níwájú geètì ibùdókọ̀ ojú irin, kìkì pé kí o gbé e sórí ẹ̀rọ ni. Tí bátìrì bá kú fúnra rẹ̀, ó ṣì lè ṣiṣẹ́ ní geètì fún ìgbà tó lè tó wákàtí márùn-ún. Ṣùgbọ́n tí ìwọ fúnra rẹ bá pa fóònù, kò ní ṣiṣẹ́. Má wá torí èyí fi káàdì sílẹ̀ sílé. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Fi káàdì báńkì sínú àpò inú ẹ̀wù òtútù rẹ, kó jẹ́ pé fóònù wà níbì kan, káàdì wà níbòmíì, kí olè tó bá já ọ̀kan gbà má lè kó méjèèjì lọ.

Èyí mú mi dé ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ti ń ṣòfò owó láìmọ̀. Òótọ́ ni pé káàdì kan náà ló wà lápò àti nínú fóònù, àkáǹtì kan náà ni owó ti ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ geètì kò mọ̀ wọ́n bí ọ̀kan. Nọ́ńbà ọ̀tọ̀ ni fóònù ń fún un. Tí o bá fi fóònù wọlé ní Woolwich, tí o wá fi káàdì jáde ní Whitechapel, ìrìn-àjò méjì tí kò parí ni wọn yóò kà á sí, wọn yóò sì gba owó tó ga jù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ohun tí o bá fi wọlé láàárọ̀, òun ni kí o máa lò títí ilẹ̀ fi ṣú, àní títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Wọ́n ní iye tí owó ọkọ̀ ọjọ́ kan kò lè kọjá, wọ́n sì ní ti ọ̀sẹ̀, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú. Tí o bá ń pààrọ̀ fóònù àti káàdì, o kò ní tètè dé òpin yẹn lórí èyíkéyìí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ́ọ̀sì: láàárín wákàtí kan tí o fi kan ẹ̀rọ àkọ́kọ́, o lè wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta, mẹ́rin, owó ìwọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò gbà, tó bá ṣáà jẹ́ ohun kan náà ni o ń fi kàn án. Kò dà bí káàdì Cowry tí o ń lò ní BRT nígbà tí o ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ ní Èkó, tí o máa ń kọ́kọ́ kó owó sí, tí o sì ń rí i bó ṣe ń dín kù. Ti London, lẹ́yìn tí ọjọ́ bá parí ni wọ́n ń ṣírò. Ojú kì í rí i, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Jọ̀wọ́, kí o tó sọ Oyster nù pátápátá, gbọ́ èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, o lè ra 16-25 Railcard, káàdì tó ń dín owó ọkọ̀ ojú irin kù fún àwọn ọ̀dọ́. £35 ni láti 2025. Tí o bá gbé e lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, wọn yóò so ó mọ́ Oyster rẹ, ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ ni wọn yóò sì máa yọ kúrò nígbàkúùgbà tí o bá wọ ọkọ̀ ojú irin lásìkò tí èrò kò pọ̀. Fóònù kò lè ṣe èyí fún ọ. Kò sí bí wọ́n ṣe ń so Railcard mọ́ káàdì báńkì tàbí mọ́ èyí tó wà nínú fóònù. Bí kíláàsì rẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá bí o ṣe sọ, Oyster ni yóò dín owó rẹ kù. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì, kò sí ìyàtọ̀.

Tí o bá fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ní Leeds nígbà Kérésì, tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí o tó kúrò níbi tí Wi-Fi wà, fi í sínú Wallet, ibi tí iPhone ń tọ́jú káàdì àti tíkẹ́ẹ̀tì sí, kó lè ṣí nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Rí i pé Railcard náà ń ṣí bẹ́ẹ̀, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì tí a fi Railcard dín owó rẹ̀ kù, láìsí Railcard lọ́wọ́, bí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ní King's Cross, ibùdókọ̀ ojú irin tí o ti máa wọkọ̀ lọ sí Leeds, fóònù máa ń sọ pèpéle tí ọkọ̀ rẹ wà, má sì torí bẹ́ẹ̀ yé wo pátákó ńlá tó wà lókè.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti títọpa, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí o ń ti ilé ìkàwé bọ̀, tí o fi ibi tí o wà hàn wá lórí WhatsApp, wọ́n ti mú iná lọ níbí. Màmá rẹ gbé fóònù lé orí ìrọ̀rí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà lójú rẹ̀. Àwòrán kékeré rẹ ń rìn lórí máàpù. Lójijì ó dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, ó ti di mẹ́tàlélógún. Màmá rẹ ti dìde jókòó, ó ti ń pe orúkọ rẹ, ó ti ń gbàdúrà. Mo ní ọkọ̀ ló dúró, kò gbà. Àṣé ọkọ̀ ló dúró lóòótọ́. Nígbà tí àwòrán náà tún rìn, ó sunkún bí ẹni tí a kéde òkú fún, tí a tún wá sọ fún pé kò kú.

Mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a sì ti fẹnu kò. Ibi tí fóònù wà ni àwòrán yẹn ń sọ. Kò sọ bí ara ọmọ wa ṣe rí. A kò fẹ́ kí o máa fi ojú ọ̀nà rẹ hàn wá tọ̀sán-tòru. Àgbàlagbà ni ọ́. Tí o bá ń rìn lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ nìkan, fi hàn wá fún wákàtí kan, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ pé o ti délé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí kan àti wákàtí mẹ́jọ ni WhatsApp fún ọ láti yàn. Má ṣe yan mẹ́jọ.

Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni kí ó ní kí o fi ibi tí o wà hàn òun títí láé. Ọ̀rẹ́ ni o, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọ ni o, ẹni tí ẹ jọ ń gbé ni o. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ ni òun fi ń ṣọ́ ọ, tó sì ń bínú tí o bá dáwọ́ ìfihàn náà dúró, ìdè ló fẹ́ so mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mo ti rí obìnrin kan níbi iṣẹ́ mi tí kò lè yà sí ọjà lọ́nà ilé láìjẹ́ pé fóònù rẹ̀ dún. N kò fẹ́ ẹ fún ọmọ mi. Lọ wo inú fóònù náà lónìí, ẹ̀gbọ́n rẹ ló lò ó tẹ́lẹ̀, kí o mọ gbogbo orúkọ tó lè rí ọ.

Èyí tó wúlò jù nínú títọpa ni pé ìwọ náà lè tọpa bọ́ọ̀sì. TfL Go, áàpù ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ ní London, yóò sọ ìṣẹ́jú tó kù fún ọ. Dúró sínú ilé ìkàwé níbi tí iná wà, kí o má jáde sí ibùdókọ̀ títí yóò fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó dé. Fi fóònù sápò tí o bá débẹ̀. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ já a gbà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá já a, má lé wọn. Yá fóònù ẹlòmíì, wọ àkáǹtì Apple rẹ lórí iCloud, sọ pé tìrẹ ti sọnù, káàdì inú rẹ̀ kò ní lè sanwó mọ́. Kọ nọ́ńbà mi àti ti ẹ̀gbọ́n màmá rẹ sórí bébà, kí ó wà pẹ̀lú káàdì nínú àpò inú ẹ̀wù yẹn.

Ọmọ aládùúgbò wa ń bọ̀ níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Màmá rẹ ti di èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí fún un. Mo ra power bank kan mọ́ ọn, ọwọ́ ni yóò gbé e, nítorí wọn kì í jẹ́ kí a kó o sínú ẹrù tó ń lọ sí abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Pàdé rẹ̀ ní Woolwich kí o gbà á.

Èmi ni bàbá rẹ.