Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Ọdẹ àti Alágbẹ̀dẹ Ìbọn Lórí Káàpù àti Orí-Ọmú Ìbọn Wa Tí Wọ́n Kó Lọ

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Gúúsù Kwara.
Ẹ̀dà kan ti lọ sí ààfin Kábíyèsí.

Ọlọ́lá,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú, a kí yín kú àìsùn. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí sáà yín tu tọmọdé tàgbà lára. Àwa ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ ìbọn la kọ ìwé yìí, lẹ́yìn ìpàdé pàjáwìrì tí a ṣe ní ilé Olúọdẹ, èyí tí kò sí àgbà kan tó pa á jẹ. Ẹ mọ̀ wá. Kò tíì sí ọba tó gorí ìtẹ́ níhìn-ín tí kì í ṣe ìbọn wa ló kéde rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín wọlé ìbò, àwa la yìnbọn pàdé yín lẹ́nu ibodè. Ká sọ òótọ́, àwa ni oorun tí ìlú yìí ń sùn.

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ kan dé sí búkà alágbẹ̀dẹ wa lẹ́yìn ọjà. Wọ́n mú ìwé dání, wọ́n ní ọ́fíìsì yín ló ti wá, pé láti ọjọ́ náà lọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra káàpù ìbọn àfi lọ́wọ́ oníṣòwò kan ṣoṣo tí wọ́n fún láṣẹ. Kí àgbà tó wà nídìí ẹwìrì tó dìde, wọ́n ti da agolo káàpù tó lé ní 40 sínú àpò kan náà. Agolo kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, alágbẹ̀dẹ sì ti kọ orúkọ ọdẹ tó ni ín sí i lára. Wọ́n dà wọ́n pọ̀ bí ẹni da èlùbọ́ pọ̀ mọ́ gàrí. Èyí tó wá dùn wá jù ni orí-ọmú ìbọn 17 (irin kékeré oníhò tí káàpù ń jókòó lé) tí àgbà náà ti tú kúrò lára ìbọn, kó lè fi wọ́n díwọ̀n káàpù. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Ìbọn 17 ló wà ní ìhòòhò báyìí, Ọlọ́lá, àwọn tó ni wọ́n sì ń gbé ọ̀pá ṣọ́de.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè ká ṣàlàyé, nítorí ó dá wa lójú pé ẹni tó kọ ìwé àṣẹ yẹn (ẹ̀yin kọ́ là ń bá wí) kò tíì fi káàpù sórí ìbọn rí. Káàpù kò tó orí ìka. Ife bàbà kékeré ni, ẹbu díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó máa ń bú bí òòlù ìbọn bá gbá a. Iná rẹ̀ ló ń gba ihò orí-ọmú wọlé lọ bá etù. Àlùfáà ará Scotland kan, Alexander Forsyth, ló gba ìwé àṣẹ lórí fífi irú ẹbu bẹ́ẹ̀ yìnbọn ní 1807. Ọdẹ ẹyẹ ni òun náà; ó ti sú u kí ẹyẹ máa rí iná òkúta ìbọn, kí wọ́n fò kí ọta tó dé.

Ìwọ̀n káàpù kò dọ́gba: nọ́ńbà 10 wà, nọ́ńbà 11 wà, èyí tó tóbi tó ní ìyẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n ṣe fún ìbọn ológun ayé àtijọ́, wà pẹ̀lú. Nọ́ńbà lásán kò sì tó. Nọ́ńbà 11 ilé iṣẹ́ kan lè fún mọ́ orí-ọmú tí nọ́ńbà 11 ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣò lórí rẹ̀. Orí-ọmú tiwa sì rèé, ọwọ́ ni alágbẹ̀dẹ fi ń pọ́n ọn. Ìbọn tí bàbá bàbá ẹni fi sílẹ̀, alágbẹ̀dẹ mẹ́ta lè ti tún un ṣe kó tó kàn wá. Kò sí méjì tó bára mu. Bí káàpù bá ṣò, ọdẹ yóò fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò nínú igbó, káàpù á já sílẹ̀, kò ní í mọ̀. Àwọn kan máa ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè di orí mú, ṣùgbọ́n àìríbẹ́ẹ̀ṣe nìyẹn. Bí ó bá fún jù, kò ní í jókòó dé ìsàlẹ̀. Òòlù àkọ́kọ́ á kàn tì í wọlé ni, ìkejì ni yóò tó dún. Ta ni yóò bá ọdẹ bẹ ẹni tó dojú kọ ọ́ pé kó dúró de ìkejì?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òru Ọjọ́rú nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa, àgbà ẹni ọdún 62, ń ṣọ́ ọ̀nà oko, káàpù oníṣòwò yẹn ló wà lórí ìbọn rẹ̀. Ó rí iná tọ́ọ̀ṣì nínú igbó. Ó pè, wọn ò dáhùn. Ó yìnbọn sókè láti fi lé wọn, kò dún. Ó tún un ṣe, kò dún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni káàpù fọ́, èéfọ́ rẹ̀ sì gé e ní ìpéǹpéjú. Díẹ̀ ló kù kí ojú náà lọ. Àwọn tó wà nínú igbó rọra rìn lọ bí ẹni ń tọjà bọ̀.

Ẹ mọ irú àkókò tí a wà. Àwọn agbébọn pa ọba Koro-Èkìtì ní Kwara wa yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n wọ ilé ìjọsìn ní Eruku, wọ́n kó olùjọ́sìn lọ. Ṣé ìgbà yìí ló yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ kó orí-ọmú ìbọn ọdẹ lọ?

A ò sọ pé kí òfin má wà. Òfin Ìbọn 1959 mọ ìbọn wa, ó to ìbọn tí a ń ki láti ẹnu sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ mọ ẹni tó ra káàpù àti iye tó rà, àwa la ó ra ìwé tí wọn yóò máa kọ ọ́ sí. Ohun tó ń ká wa lára ni pé wọn ò bi wá. Oníṣòwò páànù àti ìṣó ni ẹni tí wọ́n yàn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kó wá. Balógun Ọdẹ bi í pé ìbọn wo ló fi dán an wò, ó ní káàpù ṣáà ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn tí ẹ rán sí wa kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó iṣẹ́ òru oṣù mẹ́ta tó wà nílẹ̀, àti òrùlé búkà tí ìjì ṣí, a ó fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí orí-ọmú 17 náà kọ́kọ́ padà wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, nítorí kò sí ọjà tí a ti lè rà wọ́n. Kí wọ́n kó káàpù wa padà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ṣa ẹ̀wà. Kí ẹ sì jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ máa fi káàpù wọn orí ìbọn òfìfo kí ọdẹ tó sanwó, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní èyí tó bá a mu.

A kò halẹ̀ o. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa fẹ́ kó gbogbo ìbọn wá tò síwájú sẹkitéríàtì yín, kí wọ́n sì lọ sùn sílé. Àwa àgbà la bẹ̀ wọ́n; wọ́n gbà di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ní ti ìbọn àjọ̀dún ìlú, a ò tíì lè ṣèlérí: kí la fẹ́ yìn?

Olúọdẹ, Balógun Ọdẹ àti olórí alágbẹ̀dẹ yóò wà ní ọ́fíìsì yín ní aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọn yóò mú ìbọn kan tí kò ní orí-ọmú dání, àti agolo káàpù tí oníṣòwò náà tà fún wa, kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dán an wò.

Àwa ni tiyín nínú ìtẹríba,

Olúọdẹ
Balógun Ọdẹ
Olórí Alágbẹ̀dẹ
Akọ̀wé, tó kọ ọ́ ní orúkọ gbogbo wa