Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé

Leeds,
Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Màmá ńkọ́, ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Ẹni tó bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀ máa fún ọ ní páálí kékeré kan pẹ̀lú. Bàtà Màmá ló wà nínú rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ni. Bí mo bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá á ti ní kí ẹnì kan kà á sí àwọn létí. (Màmá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á dé. Mo kí yín o.)

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá! Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí mò ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, mo sì tún un gbọ́ nílé. O ní Káyọ̀dé, àfẹ́sọ́nà rẹ, tún ti ṣe é. O mú un lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Òkèṣà, ó wọlé, ó sọ 'ẹ káàárọ̀' kan ṣoṣo fún gbogbo ilé bíi tíṣà tó wọ kíláàsì, ó wá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ó ń tẹ fóònù títí wọ́n fi gbé ìrẹsì dé. Ìyá àgbà kan wá bi ọ́ bóyá odi ni. O ní ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́. O wá fi í parí pé o fẹ́ kó máa ṣe bíi jẹ́ńtúmánù.

Jẹ́ńtúmánù irú wo? Èyí tó ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún obìnrin? Bọ̀dá rẹ ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún mi lójoojúmọ́ níbí, ìyá òyìnbó tó wà lódìkejì títì wa sì gbà pé kò sí ọkọ bíi tèmi. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọwọ́ ilẹ̀kùn tó wà lọ́dọ̀ mi ti kán láti ọdún tó kọjá, kò ṣeé ṣí láti inú.

Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ṣé aláfojúdi ni Káyọ̀dé, àbí ojú ló ń tì í? Aláfojúdi rí àgbà, ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó kọ̀ ọ́. Onítìjú rí àgbà, àyà rẹ̀ já, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ ṣe, kó tó ronú tán àgbà ti kọjá lọ. Lójú ẹni tó jókòó sórí àga, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n ni kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ. Ọdún méjì tí o ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, mi ò gbọ́ pé ó gbó ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí. Òun ló gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild nígbà tí ẹsẹ̀ wọn wú, tó dúró tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, tó sì ra búrẹ́dì fún obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tí kò ní alábòójútó. Màmá fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi.

Kàdúná ló dàgbà sí, má gbàgbé. Ní kó fi Hausa kí àgbàlagbà kan fún ọ lọ́jọ́ kan, kí o wo bó ṣe máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ á máa já geere. Ó mọ̀ ọ́n kí. Ti Iléṣà ni kò tíì mọ́ ọn lára. Mo sì gbọ́ pé àwọn ọmọ Antí máa ń sín Yorùbá rẹ̀ jẹ. Ṣé o rò pé ẹni tí wọ́n bá sín jẹ lánàá á tún la ẹnu lónìí? Kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọmọ yẹn kí o tó bá Káyọ̀dé.

Ohun kan tí mi ò mọyì rẹ̀ àfi ìgbà tí mo dé ibí ni pé èdè wa ti bá onítìjú ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Níbí, tí ènìyàn bá bọ́ sáàárín àwọn tí kò mọ̀, òun ni yóò forí ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Abájọ tí gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀ òjò. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, ó kàn ń dúró de ẹni tó máa mú un ni. Àwọn tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó, ẹ kú ìnáwó. Ìyá ọmọ tuntun, ẹ kú ewu ọmọ. Àwọn tó wà nídìí ìkòkò lẹ́yìnkùlé tí èéfín ń bá fínra, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń dirí, ojú gbooro. Aláró, àrẹ̀dú. Ẹni tí a ti rí tipẹ́, ẹ kú àtijọ́. Ǹjẹ́ o ti rí ohun kan tí ènìyàn ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní 'ẹ kú' tirẹ̀? Kí Káyọ̀dé kọ́ mẹ́ta nínú wọn lọ́sẹ̀ kan, ó ti tó. Má sì jókòó tì í bí ọmọ iléèwé. Ẹ jọ máa lọ sí ọjà Àtàkúnmọ́sà lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ kí, kí òun gbè é, tó bá yá kí òun dá a kí. Tó bá ti sọ 'ẹ kú' yẹn jáde, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Ìjẹ̀ṣà tí mo mọ̀! Bí o bá kí ìyá oníyán kan, ṣé ìwọ lo tún máa ráyè sọ̀rọ̀ mọ́?

O kéré nígbà tí Bàbá Àgbà kú, o lè má rántí wọn dáadáa. Òṣómàáló ni wọ́n. Aráyé ń fi òṣómàáló ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní, pé Ìjẹ̀ṣà á gbé aṣọ fún ọ láwìn tán, á wá lóṣòó síwájú ilé rẹ, á ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Lójú ẹni tó ń gbọ́ ìtàn yẹn, ọkùnrin aláriwo tó lójú líle ni òṣómàáló. Bàbá Àgbà ti wa yìí lè jẹ iyán tán, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n fọwọ́, kí gbólóhùn kan má jáde lẹ́nu wọn. Màmá sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀gá wọn kiri Ìgbómìnà, ẹ̀yìn ẹrù aṣọ ni wọ́n máa ń sá sí bí oníbàárà bá dé. Ọ̀gá wọn kò lù wọ́n, kò sì pè wọ́n ní ọ̀dẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa há orúkọ ọmọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sórí, kí wọ́n sì máa béèrè ọmọ kí wọ́n tó béèrè owó. 'Ìyá Àyọ̀ká, Àyọ̀ká ńkọ́? Ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀?' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń ṣe é títí ó fi di ara wọn. Wọ́n darúgbó, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní agbéraga rí, àní àwọn tó jẹ wọ́n lówó pàápàá.

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

O mọ bí èmi àti Bọ̀dá rẹ ṣe pàdé ní Ifẹ̀. Odindi ọdún méjì la jọ ń kàwé ní yàrá kan náà ní láíbìrì Hezekiah Oluwasanmi kó tó la ẹnu bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó máa sọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti lo àga yìí tán?' Mo ṣì jókòó lórí àga náà o. (Màmá kò fẹ́ kí n máa pe ọkọ mi ní 'ó', ṣùgbọ́n èmi àtìwọ la jọ wà níbí.) Mo mọ irú ẹni tí mo fẹ́. Síbẹ̀, Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí a wá sí Iléṣà lẹ́yìn ìgbéyàwó, níbi ìnáwó kan, ẹ̀gbọ́n Bàbá kan wọlé, Bọ̀dá rẹ kàn tẹ̀ kọ́rí kọ́rí, kò dọ̀bálẹ̀. Mo rí i tí àwọn ìyàwó ilé ń wo ara wọn. Ìtìjú mú mi, mo sì pariwo lójú gbogbo ènìyàn pé, 'Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé yín ni?' Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ pupa pẹ̀lú léèsì funfun tí mo rà fún un. Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó tán síbẹ̀.

Ọdún kan àti oṣù méjì ni kò bá mi jáde. Lónìí orí ń fọ́ ọ, lọ́la iṣẹ́ ni. Mo ń pè é ní olórí kunkun.

Ìgbà tí mo dé ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbí, obìnrin kan kọjá lára mi, ó ní, 'You alright?' Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí mo ṣe sùn, bí òtútù ṣe mú mi, bí àwọn ará ilé ṣe wà. Ó ti dé òpin kọ́rídọ̀. Ó yíjú padà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bóyá kì í tiẹ̀ í ṣe èmi ni wọ́n ń rín. Ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń jẹun nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, kí n má baà pàdé ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹrin, mo jókòó sáàárín àwọn tímùtímù yẹn, mo rántí léèsì funfun. Mo délé, mo kúnlẹ̀ fún Bọ̀dá rẹ. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ti ba mọ́tò jẹ́.

Láti ìgbà náà, mi ò tún bá a wí níta mọ́. Bí a bá ń lọ síbi kan, ojú ọ̀nà ni mo ti máa ń sọ fún un pé ẹni báyìí á wà níbẹ̀, fìlà pupa ló máa ń dé, ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Iléṣà, béèrè rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan gèlè mi, àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Mo tún rí i pé kò yẹ kí onítìjú wà lọ́wọ́ òfo níbi ayẹyẹ. Fún un ní kireeti mínírà kó máa pín in. Ẹni tó gbé ohun mímu lọ́wọ́ ti rí ìdí tó fi máa dúró níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan, á bẹ̀rẹ̀, á kí wọn, wọ́n á dúpẹ́, á kọjá. Kò sí ẹni tó máa béèrè bóyá odi ni. Tí ẹ bá sì délé, sọ ohun tó ṣe dáadáa fún un gan-an, má kàn sọ pé 'o gbìyànjú'. Sọ pé, 'Bí o ṣe dìde fún ìyá yẹn ní àga, inú mi dùn.' Ọkùnrin á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n wo ó níbi ìnáwó tó ń bọ̀.

Ti fóònù yẹn nìkan ni mi ò ní bá a gbè. Tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí fóònù wà lápò. Lálẹ́ ni kí o sọ ọ́ fún un, tó bá ti jẹun, kí ó jẹ́ ìwọ àtòun nìkan. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò.

Ìdáná Oṣù Kejìlá ló ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ẹ mọ irú alága ìjókòó tí ẹ máa mú o! Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á ní kí ọkọ ìyàwó kọrin, kó jó, kó tún sọ ìdí tó fi fẹ́ràn ọmọ yìí sínú maikírófóònù. Lọ rí obìnrin náà ṣáájú, fún un ní nǹkan díẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ní kí Káyọ̀dé kọrin. Ìdọ̀bálẹ̀ kò ní ṣòro, torí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọn á jọ ṣe é. Kí ọ̀kan nínú wọn ṣáà jẹ́ ẹni tó lẹ́nu dáadáa, tó máa dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀. Kí wọ́n fi dánra wò nínú agbádá gan-an, kì í ṣe nínú ṣòkòtò jíǹsì, torí agbádá máa ń bo ènìyàn lórí tó bá fẹ́ dìde. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyàwó ilé wa ń wo àyà bóyá ó kan ilẹ̀.

Bá mi béèrè nọ́ńbà bàtà Káyọ̀dé, kí n tètè rà á kí ẹni tó ń bọ̀ ní Oṣù Kọkànlá tó di ẹrù. Kí ó pè mí ní Sátidé, mi ò ní gbé e sórí fídíò.

Mo ní kí Bọ̀dá rẹ wá kọ ìlà kan síbí láti fi kí Káyọ̀dé. Ó ní kí n bá òun kí i. Mo ní rárá, kó pè é fúnra rẹ̀, ẹni tó ti gba ọ̀nà kan rí ló ń júwe rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí ló ti ń rìn kiri nínú pálọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú sí mi báyìí ni, ó ní tí aago bá ti lu mẹ́sàn-án alẹ́ ní Iléṣà, ṣé 'ẹ kú alẹ́' ni òun máa kọ́kọ́ sọ ni, àbí 'ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó'?

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Tìmí.