Káàtúùn Ló Sọ Àwọn Ọmọ Ogun Star Wars Di Ènìyàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn Star Wars, ìtàn ogun inú òfuurufú tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣe fíìmù, ló mú mi kọ ìwé yìí. Wọ́n ní fíìmù nìkan ló ní láárí nínú ìtàn náà, pé káàtúùn The Clone Wars kò ju ohun tí a fi ń mú ọmọdé jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá.

Ọdún 2008 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ àkóso Dave Filoni, ogun tó sì dá lé lórí ni èyí tó jà láàárín fíìmù ọdún 2002 àti ti ọdún 2005. Nínú fíìmù méjèèjì yẹn, ńṣe ni àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ̀dá láti ara ọkùnrin kan ṣoṣo, Jango Fett, kàn ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀ nínú ìhámọ́ra funfun. Wọ́n ń kú, a kò sì bèèrè pé ta ló kú. Káàtúùn ló fún wọn lórúkọ: Rex, Fives, Echo, Waxer. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, Dee Bradley Baker nìkan ló sì fi ohùn ṣe gbogbo wọn, síbẹ̀, bí ìyá ìbejì ṣe ń dá Táyé mọ̀ yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé, bẹ́ẹ̀ náà ni òǹwòran ń mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ìtàn ogun tí wọ́n jà ní Umbara, ayé olókùnkùn kan, tó jáde ní 2011. Ọ̀gágun kan nínú àwọn Jedi, ìyẹn àwọn jagunjagun alágbára àràmàǹdà inú ìtàn náà, Krell, gba àkóso lórí Rex àti àwọn ènìyàn rẹ̀, nọ́ńbà ló sì fi ń pè wọ́n. Ó rán wọn lọ bá àwọn ọ̀tá tó ní wọ́n ti jí ìhámọ́ra wọn wọ̀. Ìbọn ń dún nínú òkùnkùn, àfi ìgbà tí Rex ṣí àṣíborí òkú kan, tó rí i pé arákùnrin òun ni. Ó sáré bọ́ sáàárín ìbọn, ó ń kígbe pé kí gbogbo wọn dáwọ́ dúró. Waxer ti fara gbọgbẹ́. Kó tó dákẹ́, ó ní Krell kan náà ló rán àwọn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. N kò tíì rí fíìmù Star Wars kankan tó fi ohun tí ogun ń ṣe fún ọmọ ogun hàn mí tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Fíìmù tí wọ́n fi ṣí i ní 2008 kò gún régé, àwọn apá kan níbẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọdé lóòótọ́. Lẹ́yìn tí Disney ra Lucasfilm, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Star Wars, ní 2012, eré náà dúró lójú ọ̀nà, ó sì di 2020 kí wọ́n tó fún wa ní ìparí rẹ̀.

Inú wa dùn ní 2015 nígbà tí John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣe Finn nínú fíìmù Star Wars tuntun, ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní FN-2187 títí ẹnìkan fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó ti wo káàtúùn náà ti ń retí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ojú ewé fíìmù yín yẹ káàtúùn yìí wò bí ẹ ṣe ń yẹ fíìmù wò. Kí òbí tó bá sì ní ọmọ kékeré nílé kọ́kọ́ dá wo ìtàn Umbara fúnra rẹ̀, nítorí ó wúwo.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn