Àmì Celtics tí ẹ tẹ̀ kì í ṣe ti 1986

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Ìròyìn yín lórí àṣekágbá NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, ti 1986, níbi tí Boston Celtics ti fi 4 sí 2 borí Houston Rockets tí Hakeem Olajuwon ọmọ Èkó ń gbá bọ́ọ̀lù fún, dùn ún kà. Àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kò bá a mu. Ọdún 1996, nígbà tí Celtics pé àádọ́ta ọdún, ni àmì tí ẹ tẹ̀ yẹn jáde.

Zang Auerbach, ọmọ ìyá Red Auerbach tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ló ya leprechaun inú àmì náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Iwin kúkúrú inú àlọ́ àwọn ará Ireland ni, wọ́n ní bàtà ló máa ń rán. Ó di ojú kan, ìkòkò tábà wà lẹ́nu rẹ̀, ó kọ ẹsẹ̀ kan kọjá níwájú èkejì, ó fara ti ọ̀pá, bọ́ọ̀lù sì ń yí lórí ìka rẹ̀. Ní 1986, àwọ̀ ewé àti funfun péré ló ní. Ní 1996 ni ẹ̀wù aláìlápá rẹ̀ di àwọ̀ wúrà, tí bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá di búráùn, tí ṣòkòtò àti bàtà sì dúdú. Bí ẹ bá ti rí wúrà lára rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ti ìgbà Larry Bird, ìràwọ̀ Celtics ní 1986.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn fa àwọ̀ yọ lára ti tuntun kó lè jọ ti àtijọ́. Wúrà àti àwọ̀ ojú á papọ̀ di eérú kan náà, ṣòkòtò á sì dúdú kirikiri. Ẹ má sì sọ ọ́ di kékeré jù: yíǹkì máa ń ràn lórí bébà ìwé ìròyìn, ìlà ojú tó dì yẹn á sì di àbàwọ́n lásán. Ojú yẹn gan-an ni ẹwà iṣẹ́ Zang.

Ẹ bá wa yẹ ti Rockets náà wò. Pupa àti yẹ́lò ni wọ́n ń lò ní 1986, òun náà ni wọ́n fi gba ife 1994 àti 1995. Rọ́kẹ́ẹ̀tì olójú tó yí bọ́ọ̀lù ká, lẹ́yìn ife kejì yẹn ló dé. Àwòrán ni àwọn ọmọdé tètè máa ń gbà gbọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọdún mọ́ orúkọ fáìlì àmì kọ̀ọ̀kan.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn