Kí O Tó Tan Kámẹ́rà

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní o ti kọ̀wé fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, pé o fẹ́ máa ṣe dọkumẹ́ńtárì, fíìmù ìtàn òótọ́, nípa ìyà tó ń jẹ aráàlú, Makoko, àdúgbò orí omi l'Ékòó, lo sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti ìjẹta ni bàbá rẹ ò ti sọ̀rọ̀. Má bínú sí i, màá débẹ̀.

Mi ò kẹ́gàn iṣẹ́ náà o. Ní 2018 tí BBC gbé fíìmù jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi oògùn ikọ́ oníkodéènì para, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìjọba fi fòfin de oògùn náà. Ọdún mélòó la fi wàásù ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ẹnikẹ́ni ò dá wa lóhùn! (Pé àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń rí i rà ní kọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn.)

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Ṣé o rántí òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn kún àkúnya, tí Odò Ọ̀nà wọlé bá wa? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́. Inú kíláàsì iléèwé kan la sùn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹgbẹ́ kan kó gàrí àti ẹní wá. Ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé wọn tòun ti kámẹ́rà. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín." Ó ní kí n tú gèlè, kí ìwọ náà gbé ife dání. Mo ṣe é. Ta ló máa bá ẹni tó gbé gàrí wá jiyàn?

Ọdún kejì, oníbàárà mi kan mú kàlẹ́ńdà wá sí ìsọ̀ mi ní Bódìjà. Èmi àtìwọ ni wọ́n fi ṣe oṣù Kẹta. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé opó ni mí. Bàbá rẹ rèé, tó ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ jáde nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà! Ó tó ọdún kan gbáko tí àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ẹgbẹ́ mi fi ń pè mí ní ìyá opó, tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò sì lè kó kúrò lọ́jà. Ọmọkùnrin yẹn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, torí kò padà wá.

Wàyí o, Makoko. Ní oṣù Keje 2012, wákàtí 72 ni ìjọba fún àwọn kan níbẹ̀ kí wọ́n tó wá wó ilé wọn lórí omi. Ẹni tírú ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí, bó bá rí àjèjì tó ń ya àwòrán, kí lo fẹ́ kó rò? Kámẹ́rà tó ti wọ ibẹ̀ ò lóǹkà: wọ́n á háyà ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á ya ọmọdé tó ń tukọ̀, wọ́n á fi aṣọ bomú, wọ́n á lọ. Ìwọ kọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ra ẹja lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń yan án. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni lédè Ègùn, torí Yorùbá ẹnu rẹ ò ní gbé ọ dé yàrá. Ẹni tó bá gbà lónìí, tún bi í lọ́la. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe mọ́, pa tirẹ̀ rẹ́, kódà bó jẹ́ ibẹ̀ ló dùn jù nínú fíìmù náà. Bó bá sì ń fẹ̀sùn kan alágbára, rántí pé Sùrúlérè ni ìwọ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, Makoko lòun máa sùn.

Kí o tó gbé fíìmù náà lọ sí iREP, àjọ̀dún dọkumẹ́ńtárì tí o ń sọ, ní Freedom Park l'Ékòó tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n láyé òyìnbó, ta aṣọ funfun mọ́ ara ilé kan ní Makoko, kí àwọn tó ni ìtàn kọ́kọ́ wò ó. Bí wọ́n bá máa bú ọ, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bú ọ.

Ti owó, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Máa ya ìgbéyàwó àti òkú àgbà lópin ọ̀sẹ̀ kí o má bàa jẹ gbèsè, má sì kó gbogbo ohun tí o bá yà sójú kan ṣoṣo.

Kàlẹ́ńdà yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí bàbá rẹ. Kò fà á ya, kò sì jẹ́ kí n dáná sun ún. Wá ní Sátidé, kí o bi í léèrè fúnra rẹ. Gbé kámẹ́rà dání, ṣùgbọ́n má tíì tàn án.

Ìyá rẹ