Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ ní Manchester

Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Bàbá Ìbejì ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu náìtì wọlé ní Yábàá ni. Oorun ń kùn mí, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́kọ́ sùn, n ò ní lè kọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà ti ń lọ lù, mo wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fún màmá kan ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Mo ní kí n wọn tèmi náà. Mo jókòó sídìí tábìlì wa, mo mú abẹ́rẹ́ tuntun, mo gún ẹ̀gbẹ́ ìka mi. Ẹ̀rọ náà kọ 118. Mo fọ ọwọ́, mo gún ìka mìíràn: 117. Bẹ́ẹ̀ òru yẹn le, aláìsàn mẹ́ta la gbà wọlé, n ò fi nǹkan kan ẹnu láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. O mọ̀ pé bó bá ti wọ 100 láìjẹun, ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Bó bá dé 126, àtọ̀gbẹ ni. Ọmọ ọdún 38 ni mí, Fọlákẹ́.

Ìrẹsì aago méjì òru wa ló wá sí mi lọ́kàn, àti mọ́ọ̀tì tútù tí a fi ń lé oorun. A rò pé agbára là ń wá. Melatonin tó ń jáde lára bí ilẹ̀ bá ṣú kì í jẹ́ kí insulin, èyí tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, jáde tó bó ṣe yẹ. Abọ́ ìrẹsì tí ara ń tètè lò lọ́sàn-án, ṣúgà rẹ̀ á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lóru. Láti 1976 ni wọ́n ti ń tọ́pa ìlera àwọn nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí tó ti ibẹ̀ jáde ní 2011 rí i pé bí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe náìtì ṣe ń pọ̀ sí i ni àtọ̀gbẹ ń pọ̀ láàárín wọn. Ọdún kọkànlá mi rèé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé níbi iṣẹ́ wa, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí, kò sẹ́ni tó ní kí n na apá kí wọ́n wọn ìfúnpá mi rí.

Ní báyìí, ẹ̀wà àti ẹja ni mò ń jẹ kí n tó wọ danfo ní Sábó. Lóru, omi ni. Bí ebi bá le, ẹ̀pà díẹ̀. Oorun ọ̀sán ló ṣòro. Mo fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kì í jẹ́ kí n sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ.

Ìwọ ni mo ń ronú sí jù. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé fún màmá yín ní Múṣín kò tíì kúrò lójú mi, àtọ̀gbẹ náà ni. O sì sọ pé náìtì lò ń gbà níbẹ̀ nítorí owó rẹ̀ pọ̀. Jọ̀ọ́, wọn tìrẹ láàárọ̀ kí o tó jẹun, kí o fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi, ohun yòówù kó jẹ́. Lọ́jọ́ Ajé ni èmi ń lọ ṣe àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí èsì bá ti jáde, ìwọ ni màá kọ́kọ́ pè.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣadé